Bí a ṣe ń dá ìyípadà oníkẹ́míkà mọ̀: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí yóò fi ohun ìdáná àti iṣẹ́ ọwọ́ Èkìtì kẹ́kọ̀ọ́

Ohun tí a sábà máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìyípadà tí a bá lè dá padà kì í ṣe ti kẹ́míkà, àti pé èyí tí a kò bá lè dá padà ni ti kẹ́míkà. Òfin yìí rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi ṣi ènìyàn lọ́nà. Iṣu tí a ti gún di iyán kò ṣe é dá padà sí iṣu mọ́, síbẹ̀ odó àti ọmọ odó kò sọ sítáàṣì inú iṣu náà di nǹkan mìíràn. Ní ìdà kejì, omi ìṣápá pupa yóò di àwọ̀ ewé bí a bá bu omi eérú sí i, yóò sì tún pọ́n bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ìyípadà oníkẹ́míkà ni àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rọ̀ yín pé kí ẹ fi òfin náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa bi ohun gbogbo ní ìbéèrè kan: ṣé ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀, àbí nǹkan tuntun tí ó ní ìwà tirẹ̀ ti gba ipò rẹ̀?

Kí ìbéèrè yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a rántí pé gbogbo ohun tí ó ní ìwúwo tí ó sì ń gba àyè ni a fi átọ́ọ̀mù, ẹyọ tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, ṣe, àti pé àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí sábà máa ń so mọ́ ara wọn ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ láti ohun kan sí òmíràn. Átọ́ọ̀mù háídrójìn méjì tí ó so mọ́ átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan ni omi. Bí omi bá dì, bí ó bá hó, bí ó bá di kùrukùru lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní òwúrọ̀, ìsopọ̀ yẹn kò tú. Ìgbà tí ìsopọ̀ bá tú, tí àwọn átọ́ọ̀mù sì wá ẹlòmíràn so mọ́, ni ìyípadà oníkẹ́míkà tó wáyé. A kò lè fojú rí ìsopọ̀ náà, nítorí náà àmì ni a óò máa wá, a ó sì máa yẹ àmì kọ̀ọ̀kan wò bóyá òótọ́ ni ó ń sọ.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ lè rí gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí nílò ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì tàbí ní ọjà ìlú yín: iyọ̀, ṣúgà, káún, ọsàn wẹ́wẹ́ bíi mẹ́wàá, òdòdó ìṣápá gbígbẹ tí a fi ń ṣe sóbò, èèpo ẹyin, ìṣó tuntun tí kò tíì dípẹtà, àdín, amọ̀ díẹ̀, àti ìgò oníke tí a fi ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ó gba lítà kan àtààbọ̀. Bí ẹ bá lè yá òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì, irú èyí tí àwọn oníṣòwò góòlù ń lò, iṣẹ́ yín yóò dára gan-an.

Ẹ má ṣe tọ́ ohunkóhun tí ẹ bá ṣe nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí wò lẹ́nu. Omi eérú lè jó ojú àti awọ ara, nítorí náà kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dáná, nítorí pé èédú tí ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí a ń pè ní kábọ́nù mọ̀nọ́sáìdì, èyí tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn sójú oorun. Ẹ má sì ṣe da bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun pọ̀ mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, fìnígà tàbí oògùn ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé, nítorí pé kílórínì, afẹ́fẹ́ tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni yóò jáde níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti sí ohun tuntun

Ẹ wọn iyọ̀ gíráàmù mẹ́wàá, kí ẹ pò ó pọ̀ mọ́ omi títí kò fi ní hàn mọ́, kí ẹ wá gbé omi náà ka iná tí kò le púpọ̀ títí gbogbo omi yóò fi gbẹ tán. Ohun funfun tí ó ṣẹ́kù sínú ìkòkò, bí ẹ bá fara balẹ̀ họ ọ́ kúrò, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́wàá padà. Iyọ̀ náà kò kú sínú omi. Ó kàn fara pamọ́ ni.

Ẹ wo àdín náà. Ní òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́, ó máa ń dì sínú ìgò, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, yóò tún yọ́, òórùn rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Bákan náà ni ti ìsun omi Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ìyanu ńlá ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ Èkìtì lọ fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ooru nìkan ni omi méjèèjì ń pín fún ara wọn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jó ṣúgà

Ẹ da ṣíbí ṣúgà kan sínú agolo mímọ́ tí ó gbẹ, kí ẹ gbé e ka iná. Yóò kọ́kọ́ yọ́, yóò pọ́n, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, yóò sì di dúdú bí èédú nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ó bá ń rú èéfín, ẹ fi ẹ̀mú di ọmọrí ìkòkò tútù kan mú lókè rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ óò rí ìkán omi lára ọmọrí náà. Ẹ ronú sí i dáadáa, nítorí pé ẹ kò da omi kankan sínú agolo. Kábọ́nù, háídrójìn àti ọ́síjìn ni ṣúgà; ooru tú wọn ká, háídrójìn àti ọ́síjìn jáde gẹ́gẹ́ bí omi, kábọ́nù sì jókòó sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èédú. Bí ẹ bá da èédú náà sínú omi, kò ní yọ́ bí ṣúgà. Níbí, ìbéèrè wa ti rí ìdáhùn: ohun tuntun méjì, ó kéré tán, ni ó ti wáyé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fura sí ohun tí ń hó

Ẹ rún èèpo ẹyin sínú ife, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi káún ṣe bákan náà nínú ife mìíràn, yóò hó kíkankíkan. Ẹ ṣáná sí igi ìṣáná kan, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ sínú ife káún náà láìfi kan omi, iná yóò kú, nítorí pé kábọ́nù dáyọ́ọ̀sáìdì, irú afẹ́fẹ́ kan tí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, ti kún inú ife. Ásíìdì, ìyẹn ohun kíkan inú ọsàn, ló tú u sílẹ̀ láti inú káún àti láti inú èèpo ẹyin.

Ṣùgbọ́n omi tí a gbé ka iná náà ń hó, kò sì sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Omi ni ó ń gòkè, omi ni yóò padà jẹ́ bí ó bá fara kan ohun tútù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí náà ń hó, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi agbára tì sínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ni ó ń jáde. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bá ń hó, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde àti ibi tí ó ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lo àwọ̀ bí ẹlẹ́rìí

Ẹ rẹ òdòdó ìṣápá sínú omi gbígbóná, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ má sì fi ṣúgà tàbí atalẹ̀ sí i. Ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, pupa rẹ̀ yóò tàn sí i. Ẹ fi omi káún tàbí omi eérú sí èkejì ní ìkán kọ̀ọ̀kan, yóò kúrò ní pupa, yóò dà bí aró, yóò sì di àwọ̀ ewé bí omi eérú náà bá le. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ kí ẹ lè máa fi wé e. Ohun tí ó fún ìṣápá ní àwọ̀ ni ó ń gba háídrójìn tàbí tí ó ń pàdánù rẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tọ́jú omi ìṣápá yìí dáadáa, nítorí pé a óò tún lò ó nígbà tí a bá dé ìdí ọṣẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí irin dípẹtà

Ẹ wá ìgò mẹ́ta. Ẹ fi ìṣó méjì sínú ìgò kìíní pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ fi ìṣó méjì sínú èkejì, kí ẹ da omi tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù díẹ̀ bò wọ́n títí ìgò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí ẹ da epo díẹ̀ lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí omi bo ìdajì ìṣó, kí ẹ fi ẹnu ìgò sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìgò kẹta ni ìpẹtà yóò ti hàn jù. Irin nílò omi, ó sì nílò ọ́síjìn, kí ó tó lè dípẹtà. Ẹyọ kan nínú méjèèjì kò tó. Èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé àwọn ilé àtijọ́ ní ìlú wa. Síńkì ni wọ́n fi bo irin páànù nígbà tí ó ṣì tuntun. Bí òjò ọ̀pọ̀ ọdún bá ti jẹ síńkì náà tán, irin yóò jáde sí ìta, òrùlé yóò sì pọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọ̀n ọ́n

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ lo àkókò púpọ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá wọn nǹkan yóò máa rò pé iná ń pa nǹkan rẹ́. Bí igi bá jó tán, eérú rẹ̀ kì í tó nǹkan, ojú wa á sì sọ fún wa pé igi náà ti ṣègbé. Ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Antoine Lavoisier, tí a bí ní 1743 tí ó sì kú ní 1794, ni ó fi ohun èlò tí a dé pinpin àti òṣùwọ̀n tí ó péye fi hàn pé ohun tí ó wọ inú ìyípadà oníkẹ́míkà àti ohun tí ó jáde nínú rẹ̀ dọ́gba ní ìwúwo.

Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tó ìdajì ife sínú ìgò oníke tí ó gba lítà kan àtààbọ̀. Ẹ lọ káún kúnná, kí ẹ fi bébà pẹlẹbẹ di ṣíbí tíì kan péré nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìgò, ọmọrí rẹ̀ àti káún tí ẹ dì náà sórí òṣùwọ̀n pọ̀, kí ẹ sì kọ ìwúwo wọn sílẹ̀. Ẹ wá ju káún sínú ìgò, kí ẹ dé e kíá, kí ẹ fọwọ́ dì í le. Ìgò yóò le gbandi bí afẹ́fẹ́ bá ti ń pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá dáwọ́ hó dúró, ẹ tún un wọ̀n, ìwúwo rẹ̀ kò ní yí padà. Nísinsìnyí ẹ rọra tú ọmọrí náà kí afẹ́fẹ́ sá jáde, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n pẹ̀lú ọmọrí. Yóò fúyẹ́ ní nǹkan bíi gíráàmù kan. Gíráàmù yẹn ni afẹ́fẹ́ tí ó lọ. Ẹ má ṣe fi kún ṣíbí kan yẹn, ẹ má sì lo ìgò onígíláàsì, nítorí pé ó lè fọ́ mọ́ ènìyàn lójú.

Ìṣirò rẹ̀ náà kò le. Bí kábọ́nù gíráàmù 12 bá jó pátápátá, yóò gba ọ́síjìn gíráàmù 32 láti inú afẹ́fẹ́, kábọ́nù dáyọ́ọ̀sáìdì tí yóò jáde yóò sì jẹ́ gíráàmù 44. Ti irin tí ó dípẹtà ni yóò yà yín lẹ́nu jù: bí a kò bá ka omi tí ìpẹtà máa ń fà mọ́ra, irin gíráàmù 112 yóò gba ọ́síjìn gíráàmù 48, yóò sì di ìpẹtà gíráàmù 160. Irin náà ń wúwo sí i bí ó ti ń bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ amọ̀kòkò

Ìsàn-Èkìtì jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ, n kò sì mọ àpẹẹrẹ tí ó ya ìyípadà méjèèjì sọ́tọ̀ kedere ju iṣẹ́ yìí lọ. Ẹ po amọ̀, kí ẹ ṣù ú sí ẹyọ méjì tí kò tóbi ju ẹ̀pà ìbílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ẹ sì fi wọ́n sí abẹ́ òjìji títí wọn yóò fi gbẹ dénú. Ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀, nítorí pé omi tí ó bá ṣẹ́kù sínú amọ̀ yóò hó nínú iná, yóò sì fọ́ ọ túútúú. Ẹ tọ́jú ọ̀kan, kí ẹ ri èkejì mọ́ àárín ẹyin iná tí ó pọ́n dòdò fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ju méjèèjì sínú omi. Èyí tí kò rí iná yóò padà di ẹrẹ̀, ẹ sì lè tún un mọ. Èyí tí ó jó dáadáa yóò jókòó sínú omi láìtú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ kò lè lé ju omi tí ó dùbúlẹ̀ sáàárín ẹ̀yà amọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n háídrójìn àti ọ́síjìn wà tí wọ́n so mọ́ ara amọ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tí ooru bá sì kọjá nǹkan bíi 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì ni wọ́n tó ń kúrò gẹ́gẹ́ bí omi. Bí wọ́n bá ti lọ, amọ̀ kì í ṣe amọ̀ mọ́. Irin díẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń mú ìkòkò pọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti tó, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ tí èéfín bò máa ń dúdú.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ sè ọṣẹ dúdú

Àwọn àgbẹ̀ wa ń fi èèpo kòkó sílẹ̀ nínú oko kí ó jẹrà, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọṣẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sá èèpo náà gbẹ, kí ẹ sun ún títí yóò fi di eérú funfun. Ẹ kó eérú sínú ìkòkò tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀, tí a sì tẹ́ aṣọ sí i, kí ẹ bu omi lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbe ohun tí ó ń kán sílẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi ìṣápá. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, omi eérú yín le. Potásíọ́mù tí igi kòkó fà láti inú ilẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ gbé omi eérú náà ka iná kí ó dín kù, kí ẹ wá da àdín sí i, kí ẹ máa rò ó láìsinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òróró yóò léfòó, wọn kò ní gbà fún ara wọn. Bí wákàtí ti ń lọ, yóò máa ki, yóò sì di ohun rírọ̀ kan tí kì í ṣe òróró tí kì í sì í ṣe omi eérú. Ẹ bù díẹ̀ sínú omi tútù: bí òróró bá ṣì léfòó, ẹ padà sídìí iná, bí ó bá hó lọ́wọ́ yín, ọṣẹ ti dé. N kò ní dárúkọ ìwọ̀n òróró sí eérú, nítorí pé agbára eérú kì í dọ́gba láti oko kan sí òmíràn; àyẹ̀wò inú omi tútù yìí ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Òróró ní okùn gígùn mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ orí kan. Omi eérú ni ó já wọn kúrò lára orí náà, tí potásíọ́mù sì so mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan. Okùn tuntun yìí ní ìdí kan tí ó fẹ́ omi àti ìdí kejì tí ó fẹ́ ọ̀rá, nítorí náà ni ó fi ń bá wa gba ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ.

Níbi tí ẹ tún ti lè wò ó

Ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yíìsì, ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, ti sọ púpọ̀ nínú ṣúgà náà di ọtí àti kábọ́nù dáyọ́ọ̀sáìdì, bí ó bá sì pẹ́ sí i níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ọtí yóò di ọtí kíkan.

Ti gàrí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ so mọ́ ṣúgà kan, ohun tí ó lè tú u sì wà lọ́tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kan náà. Rírìn tí a ń rin ẹ̀gẹ́ ni ó ń fọ́ ògiri tí ó wà láàárín wọn, tí wọ́n fi ń pàdé, tí afẹ́fẹ́ sáyánáìdì sì ń jáde. Ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀ nínú àpò, títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́, àti iná agbada ni ó ń lé e lọ. Ẹni tí ó bá gé ọjọ́ náà kúrú nítorí owó ọjà gé ìyípadà tí ó yẹ kí ó parí.

Ibi tí ó le

Ìṣòro wà nínú iṣu sísè. Èso sítáàṣì inú rẹ̀ fa omi mu, ó wú, ó sì rọ̀, kò sì padà sí bí ó ti wà mọ́, ṣùgbọ́n sítáàṣì fúnra rẹ̀ kò tíì di ohun mìíràn. Iṣu tí a sun mọ́ èédú yàtọ̀: èèpo dúdú àti ibi tí ó pọ́n tí ó ń ta sánsán ti di nǹkan tuntun. Nínú iṣu kan ṣoṣo, ẹ lè rí ìyípadà méjèèjì, inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ara rẹ̀ jẹ́ èkejì. Bí irú èyí bá bá yín pàdé nínú ìdánwò, ẹ má ṣe kọ orúkọ ìyípadà nìkan. Ẹ kọ ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti àyẹ̀wò tí ẹ fi mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà.